Ìwọ̀fà Tó Wọ Táì

Inú ọkọ̀ Ṣakí ni mo ti gbọ́ ọ, láàárín ìyá arúgbó kan àti ọ̀gá báńkì kan tí mọ́tò tirẹ̀ kọṣẹ́ lọ́nà.

"Ìyá, èmi ni mò ń yá àwọn ilé-iṣẹ́ lówó. Ẹ̀rọ àti ọjà wọn ni wọ́n fi ń dógò lọ́dọ̀ mi. Mo ti dọ̀gá pátápátá."

"O kú oríire. Ilé tí ò ń gbé ńkọ́?"

"Báńkì ló yá mi lówó ẹ̀. Ìwé ilé ṣì wà lọ́wọ́ wọn."

"O kì í sì í wálé?"

"Wọn kì í fún mi láyè. Ọ̀la náà ni mo máa padà sẹ́nu iṣẹ́."

"Háà! Ìwọ̀fà tó ń sin bàbá mi nítorí gbèsè, tó bá ti dọ̀sán, oko ara ẹ̀ ló ń lọ. Ìgbà wo ni wọ́n ń tú ìwọ sílẹ̀?"

Fóònù ọkùnrin náà dún. Ó tún táì ẹ̀ ṣe kó tó gbé e.

"Yẹ́ẹ̀sì, sà!"