Ìyá Tí Wọ́n Ń Pè Ní Àlàájà

Ọba tó ń wá ẹni tó nù títí yóò fi rí i, mo dúpẹ́! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́! Ẹnu mi kò gbà á, ẹ bá mi fi tiyín kún un!

Àǹtí Morẹ́nikẹ́ ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Tíṣà ni, Àgùdà ló ń gbé. Òun ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn tó doríkodò, nítorí kò fẹ́ kí n dárúkọ òun. Ìdajì ìtàn náà ṣojú mi. Ìdajì yòókù, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá mi wá láti Ọ̀fà wá bá wa ṣọdún ní Pápá Àjàó, ní Múṣín, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Èmi àbíkẹ́yìn ni mo ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Jákọ́bù, kò fẹ́ kó wá. Ó ní Èkó kò yẹ arúgbó. Mo ní, kí ló máa ṣe é nínú ilé ọmọ rẹ̀?

Ọdún tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá ní òun fẹ́ ra pákò níta. Ìyàwó mi ní kó dúró, kí òun wọ bùbá, kí òun sìn ín lọ. Kó tó wọ bùbá tán, ìyá ti jáde. Ó jáde, kò padà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Múṣín, ẹ mọ bí àwọn ilé wa ṣe jọra wọn. A wá a kiri àdúgbò, a wá a dé ọjà, a wá a dé ibùdókọ̀. A fi tó ọlọ́pàá létí. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti ọsibítù dé ọsibítù.

Níbi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Mo dé ọsibítù kan lápá Yábàá. Wọn kì í jẹ́ kí ọkùnrin wọ wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin láìjẹ́ pé àsìkò ti tó, nọ́ọ̀sì kan ló sì dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ìyá mi ni mò ń wá, Sárà lorúkọ rẹ̀, ìyá ìjọ ni. Ó ní kò sí Sárà níbẹ̀. Ó ní arúgbó kan ṣoṣo tí wọn kò mọ ẹbí rẹ̀, Àlàájà ni. Ojú títì ni àìsàn ti dá a dúbúlẹ̀; apá kan ara rẹ̀ kú, ẹnu rẹ̀ wọ́, kò lè sọ̀rọ̀. Ó ní bóyá kí n wò ó.

Mo ní, "Rárá o, nọ́ọ̀sì. Ìyá tèmi kò lọ Mẹ́kà rí."

Mo kí i, mo yípadà. Ẹ̀yin ará, ìyá mi ló wà nínú wọ́ọ̀dù yẹn.

Bọ̀dá Jákọ́bù wá láti Ọ̀fà. Ó jókòó, kò mu omi, kò tú ẹrù. Ó ní, "Tìmótì, níbo lo gbé ìyá wa sí?"

Ó ní àwọn àgbà máa ń wí pé ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ti ìyá ẹni ńkọ́? Ó ní àwọn ará ilé ń bi òun bóyá kí àwọn máa ṣọ̀fọ̀ ni, tàbí kí àwọn máa retí. Láti ọjọ́ náà, òun àti èmi kò jọ sọ̀rọ̀ mọ́.

Ó wá ku ìdajì ti Àǹtí Morẹ́nikẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún náà, àlùfáà ìjọ tiwọn ní kí oníkálukú dìde kó sọ ohun tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún ọmọnìkejì. Ẹnì kan ní òun yóò máa gbá ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnì kan ní òun kò ní bá aládùúgbò òun jà mọ́, gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí ní ní Sátidé-Sátidé, òun yóò máa lọ wo àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í wá wò ní ọsibítù.

Nígbà tí wọ́n délé, ọkọ rẹ̀ bi í pé, "Morẹ́nikẹ́, ṣé o ti tọ́jú àwa tí o mọ̀ tán ni?"

Nígbà tí Sátidé dé, Àǹtí po ẹ̀kọ, ó gbé e lọ sí ọsibítù. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì bi í pé ta ló wá wò. Ó ní ẹni tí kò ní àlejò. Ọ̀gá náà ní, "Màdáámù, a jẹ́ pé ẹ ó pẹ́ níbí o." Ló bá mú un lọ sọ́dọ̀ Àlàájà.

Wọn kò fi ibi pè é bẹ́ẹ̀, ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n gbé e dé tí wọ́n bi í léèrè orúkọ, "Àlà... Àlà..." ló ń wí, ẹnu kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Àwọn ni wọ́n bá a parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pe Àlàájà báyìí, yóò yí ojú sí ògiri. Bí wọ́n bá gbé ṣíbí sí i lẹ́nu, yóò di eyín. Dókítà sọ fún Àǹtí pé kó má retí púpọ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá kọ oúnjẹ, kí ni abẹ́rẹ́ wa fẹ́ ṣe fún un?" Bó bá kú, kánsù ìjọba ni yóò sin ín, láìsí ọmọ, láìsí ará.

Àǹtí kò yé lọ. Yóò fọ ojú fún un, yóò ya irun rẹ̀, yóò kí i ní Àlàájà, ìyá yóò yí ojú padà. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Rísí, ará Múṣín tó ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, pè é sẹ́yìn.

"Tíṣà, Àlàájà yín yìí, kì í ṣe Àlàájà o."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, mà?"

"Mo kí i ní sálámù láàárọ̀, mo kí i lọ́sàn-án. Bí ẹnu bá wọ́, ojú á jẹ́ ẹ. Ojú rẹ̀ kò jẹ́ ẹ. Èmi tí n ò tíì dé Mẹ́kà, ẹ kí mi ní sálámù lójú oorun, kí ẹ wò ó bóyá n ò ní dáhùn."

Àǹtí padà lọ jókòó. Kí ló tún kù tó ń jẹ́ Àlà? Ó ní, "Màmá, ṣé Àlàbá ni yín?" Ìyá ṣì kọjú sí ògiri. Ìgbà náà ló rántí pé orúkọ tí ìyá òun fúnra rẹ̀ fi ń pe òun, kì í ṣe Morẹ́nikẹ́. Oríkì ni. Ṣùgbọ́n ta ni òun, tí yóò máa pe ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ ní oríkì, bí ẹni pé òun ló bí i? Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ó ní, "Màmá, ẹ foríjì mí, ọmọ yín ni mí." Ó wá pè é jẹ́jẹ́, bí ẹni ń jí ọmọ.

"Àlàkẹ́."

Ọwọ́ kan tí kò kú lára ìyá mi jáde lábẹ́ aṣọ. Ó di ọrùn ọwọ́ Àǹtí mú, kò jù ú sílẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹnu tó wọ́ náà gbìyànjú, gbìyànjú, títí ó fi wí i fúnra rẹ̀: "Àlà... kẹ́." Lọ́jọ́ náà, ó jẹ ẹ̀kọ. Ògo ni fún Ọlọ́run! Ó jẹ ẹ̀kọ, Ìyá Rísí sì bú sẹ́kún.

Ẹni tó ní oríkì ní orílẹ̀. Nígbà tí Àǹtí tún lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí ki àwọn oríkì orílẹ̀ tó gbọ́ lẹ́nu ìyá-ìyá rẹ̀. Ó ki Ìkòyí, ìyá sì mi orí pé rárá. Ó ki Erin, ìyá tún mi orí. Ó dé orí àwọn ọmọ Ọ̀fà tí ń jìjàkadì, ni ìyá bá di ẹ̀ṣẹ́ sókè. Àǹtí ní, "Màmá, ẹ má gbé mi ṣubú o." Ó ní ìyá fi ìdajì ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí béèrè àwọn ọmọ Ọ̀fà. Télọ̀ kan ní Sábó sọ fún un pé káfíńtà kan ní Pápá Àjàó ń wá ìyá rẹ̀. Bó ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn, pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀. Kò béèrè orúkọ mi.

Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni oríkì ìyá yín?"

Ìbéèrè náà yà mí lẹ́nu. Mo ní Àlàkẹ́ ni. Ó jókòó sórí pákó, ó fi ọwọ́ bo ojú, ibẹ̀ ló sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi.

Mo dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, mo dọ̀bálẹ̀. Dókítà ní oògùn tí àwọn ń lò látilẹ̀wá náà ni àwọn ṣì ń lò. Ọjọ́ tó gbà láti jẹun ni oògùn bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́. Bọ̀dá Jákọ́bù tún wá sí Èkó. Kò tíì kí èmi tó fi dọ̀bálẹ̀ fún Àǹtí, òun tí kì í dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin. Lẹ́yìn náà ló wá fi ọwọ́ lé mi léjìká. Ìyá mi ti padà sí Ọ̀fà báyìí. Ọ̀pá ló fi ń rìn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì já gaara, ṣùgbọ́n ó ń pe oríkì mi, mo sì ń gbọ́ ọ.

Olúwa, o ṣé! Àǹtí, ẹ ṣé o, Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn tiyín náà rí ẹni tí yóò máa wò wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ẹni yín tí ẹ kò tíì rí i, ẹ má jọ̀wọ́ ara yín. Ó lè ti wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀, tó ń fọ ojú fún un.

Ọdún mìíràn ti wọlé lónìí. Èmi àti ìyàwó mi ti ń bá Àǹtí lọ sí ọsibítù ní Sátidé-Sátidé. Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, mo fẹ́ bi ọ́: ní Sátidé tó ń bọ̀, ìyá ẹnì kan yóò dùbúlẹ̀, yóò máa retí àwọn tó mọ̀ ọ́n, wọn kò sì ní wá. Ìwọ tí o kò mọ̀ ọ́n rí ńkọ́, ṣé wàá lọ?