Owó Inú Ìbọ̀sẹ̀

Nínú takisí tó gbé wa láti Kuje ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ rìnrìn àjò láti ìlú dé ìlú, tòun ti báàgì ńlá, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń sìn ín lọ sí páàkì.

"Owó rẹ ńkọ́?"

"Ó wà nínú báàgì, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ibẹ̀ lolè máa kọ́kọ́ tú! Kó o sínú ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún, kí o fi káàdì báǹkì sí tòsì. Fi díẹ̀ sápò, kí olè má bàa lọ lọ́wọ́ òfo."

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀, wọ́n ń gbọ́."

"Ta ló ń gbọ́? Ta ló gbọ́ Yorùbá ní Abuja níbí?"

Mo yíjú sí fèrèsé. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé èmi gan-an lolè náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ń bà mí láti sọ pé mo gbọ́.

Dírẹ́bà, tó ti ń fi Hausa bá wa sọ̀rọ̀ bọ̀, wò wọ́n nínú dígí. Ó fi Yorùbá Ìlọrin tó dán mọ́rán sọ pé, "Aǹtí, ẹ ní kó wá ibòmíràn fi í sí o. Gbogbo wa ti mọ ìyẹn."

N kò mọ ìgbà tí mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Obìnrin náà yíjú sí mi. "Ìwọ náà?"