Orúkọ Tí Mo Fi Abẹ́rẹ́ Họ Sára Òjé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kà á tán ná. Lẹ́yìn náà kí ẹ bú mi bó bá ṣe wù yín. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí nínú láti ọdún tó kọjá, mi ò sì lè pa á mọ́ra mọ́, torí pé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ wọ́n fẹ́ kí n darí àdúrà kan. Irú ẹnu mi yìí kọ́ ló yẹ kó gba àdúrà náà.

Thamesmead, ní London níbí, ni mò ń gbé. Ìyá àdúrà ni wọ́n ń pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Tóbi, ọmọ ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan, ló bá mi wá iṣẹ́ míì. Ìlú yìí ni wọ́n bí Tóbi sí, iṣẹ́ híhú ohun àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀ ló kọ́ ní yunifásítì.

London tí à ń rìn lórí ẹ̀ yìí, ìlú míì wà lábẹ́ ẹ̀ o. Àwọn ará Róòmù ló kọ́ ọ, ibẹ̀ ni olú ìlú wọn tí wọ́n ti ń ṣàkóso ilẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ilé gogoro, àwọn bíi Tóbi á kọ́kọ́ walẹ̀ ibẹ̀, wọ́n á kó ohun tí wọ́n bá rí wá sí ilé ìkẹ́rù wọn ní Woolwich. Èmi a máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ àpáàdì àti egungun ẹran. Ẹrẹ̀ dúdú yẹn ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà.

Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ mi ba òjé pẹlẹbẹ kan nínú ìṣùpọ̀ ẹrẹ̀. Wọ́n ti ká a pọ̀, wọ́n sì kan ìṣó mọ́ ọn. Tóbi pariwo, ó ní, "Àǹtí, má fọ̀ ọ́ o!" Bó ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn, ọmọ tí wọ́n bí síbí, kò mọ "ẹ" í lò, ṣùgbọ́n kò ya aláfojúdi.

Ó ní èpè ni. Ó ní bí èèyàn bá ṣẹ ará Róòmù, á kọ orúkọ onítọ̀hún sára òjé, á kan ìṣó mọ́ ọn, á jù ú sínú omi. Àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Orúkọ ẹnì kan ti sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìdí ẹ̀, kí ẹ rí bó ṣe kéré tó. Fọlákẹ́, ìyá Tóbi, ni pásítọ̀ fi ṣe olórí ẹgbẹ́ obìnrin. Èmi ni mo ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn láti ìgbà tó ti wà nínú pálọ̀ èèyàn. Lẹ́yìn mi ni Fọlákẹ́ dé. Wọ́n pe orúkọ ẹ̀, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́, inú mi sì ń ru. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tóbi gbé òjé náà sínú páálí kékeré lórí tábìlì ẹ̀, ó lọ jẹun ọ̀sán. Mo mú un sínú báàgì mi. Nínú kíṣìnnì mi, èmi tí mò ń lé ẹ̀mí èṣù, mo mú abẹ́rẹ́, mo họ FỌLÁKẸ́ sẹ́yìn òjé yẹn. Mo ní kí ahọ́n ẹ̀ wúwo. Ṣíọ̀! Àgbàlagbà obìnrin! Ara mi ń rí mi lára bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Mo gbé e lọ sí adágún Southmere kí n lè jù ú sómi. Àwọn ọmọdé ń fún pẹ́pẹ́yẹ ní búrẹ́dì. Arábìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa rí mi, ó ní, "Ẹ kú atẹ́gùn o, Mọ́mì." Mo yáa gbé e padà wálé. Mo fi sínú ike áísìkiriìmù, mo tì í sábẹ́ ata lílọ̀ nínú fíríìsà. Ibẹ̀ ló wà dòní. Mi ò lè jẹ ọbẹ̀ inú fíríìsà yẹn mọ́.

Nǹkan kan ò ṣe Fọlákẹ́. Ọmọ ẹ̀ ló kàn. Ọ̀gá wọn wá òjé tì, ọ̀dọ̀ Tóbi ni wọ́n sì ti rí i kẹ́yìn. Wọ́n ní ó ti tà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n bi èmi náà, mo ní èmi afọ̀kòkò lásán, kí ni mo mọ̀? Wọ́n lé Tóbi. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń walẹ̀ ló ti gbọ́, kò sẹ́ni tó gbà á síṣẹ́. Inú yàrá ẹ̀ nílé ìyá ẹ̀ ló wà, kì í fẹ́ jáde.

Ta ni Fọlákẹ́ wá sunkún bá? Èmi ni o. Ó kúnlẹ̀ nínú kíṣìnnì mi, ẹ̀yìn ẹ̀ kan fíríìsà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi gbàdúrà. Ẹni tó jí nǹkan yẹn tí ọmọ mi fi ń jìyà, kí Ọlọ́run tú àṣírí ẹ̀." Mo gbọ́wọ́ lé e lórí, mo pariwo "Àmín". Àmín tèmi ròkè ju tiẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ẹnu mi nínú dígí, ńṣe ni mò ń gbójú kúrò.

Mo ti gbìyànjú láti pa orúkọ náà rẹ́. Bí mo ṣe ń ha á ló ń tàn sí i. Bí mo bá sì fi òjé náà ránṣẹ́ láìsọ pé èmi ni, wọ́n á rí orúkọ ìyá Tóbi lára ẹ̀, wọ́n á ní ṣebí àwọn sọ bẹ́ẹ̀, ilé Tóbi ló wà látọjọ́ yìí. Àfi kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà mí, ṣùgbọ́n ojú Fọlákẹ́ ni mò ń sá fún jù.

Ní báyìí, ó ti ní kí gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run lè fi olè náà hàn. Ó ní àfi kí èmi darí àdúrà ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó di ọjọ́ Àìkú. Ṣé kí n gbé ike yẹn lọ bá a nílé ni, àbí kí n dúró síwájú gbogbo ìjọ kí n sọ pé èmi rèé?

Tóbi pè mí lórí fóònù lánàá. Ó ní, "Àǹtí, o ṣé o. Mọ́mì sọ pé ìwọ lo máa gbàdúrà fún mi."

Mo fẹ́ dá a lóhùn. Ahọ́n mi wúwo, kò gbé e.