Kòtò Omi Awọ Ni Mo Ti Pa Múfútáù

Nígbà tí ẹ ó bá fi ka ọ̀rọ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi okùn sí mi lọ́rùn. Adájọ́ ti sọ tirẹ̀. Agbẹjọ́rò tí ìjọba fún mi náà ti sọ tirẹ̀, kò sì ní ohun mìíràn láti sọ mọ́. Inú yàrá kóńkó kan ni mo wà, níbi tí wọ́n ń kó àwa tí a dá ẹjọ́ ikú fún sí. N kò bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni ṣàánú mi. Mo pa ènìyàn. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ọ̀sán gangan ni mo pa á, nígbà tí ó ń pè mí pé kí n gba òun.

Àwọn tó ń wá wò mí níbí máa ń bi mí pé, "Báwo ni irú rẹ ṣe dé ibí?" Wọ́n rò pé mo gbé ìbọn rí ni. N kò gbé ìbọn rí. Ìgò omi kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí. Mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa kẹ́míkà, mo sì wá iṣẹ́ wá sí Ìkòròdú. Ilé iṣẹ́ aláwọ kan ní Ẹsìtéètì, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ pọ̀ sí, ló gbà mí. Awọ ewúrẹ́ àti ti màlúù ni wọ́n ń kó wọlé. Wọ́n á fi kẹ́míkà bó irun ara rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di awọ bàtà, wọ́n á sì kó o lọ sí òkè òkun. Omi tó ń ṣàn kúrò lára awọ wọ̀nyẹn kì í ṣe omi tí ajá lè lá. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa yẹ omi náà wò nínú lábù, kí n sì rí i pé ẹ̀rọ tó ń fọ̀ ọ́ mọ́ ń ṣiṣẹ́ kí a tó tú u sí gọ́tà. Ọ̀gá Lábù ni wọ́n ń pè mí.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ Múfútáù, awakọ̀ táńkà wa. Ọmọ Òṣogbo ni, ọlọ́yàyà ènìyàn. Ilé kan náà ni a háyà ní ọ̀nà Imota. Ní ọjọ́ tí Kúdírátù ìyàwó mi ń rọbí, òjò kò jẹ́ kí a rí ọkọ̀, Múfútáù sì fi táńkà ilé iṣẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe Àmínà ọmọ mi ní "ọmọ táńkà."

Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, tí a ń pè ní ará àyíká, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé iṣẹ́ dé ilé iṣẹ́. Òfin ti le sí i. Wọ́n ti géètì ilé iṣẹ́ aláró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pa. Mo rí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tí wọ́n jókòó sẹ́bàá títì pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ wọn, tí wọn kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Lẹ́yìn náà ni mo bá ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn pàdé ní ibùdókọ̀ Benson, ó ń fi ọ̀kadà gbé èrò. Ó yí ojú kúrò lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀rù bà mí.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ẹ̀rọ tó ń fọ omi wa bàjẹ́. Mánéjà pè mí sí ọ́fíìsì.

"Ọ̀gá Lábù, àwọn ará àyíká ń bọ̀ lọ́la. O rí ohun tí wọ́n fojú àwọn aládùúgbò wa rí?"

"Mo rí i, sà."

"Ẹ̀rọ wa á di títúnṣe láìpẹ́. Ṣé nítorí ìyẹn ni kí gbogbo ènìyàn wọ̀nyí máa lọ sílé?"

"Kí ni kí n wá ṣe, sà?"

"Ṣé mo ní kí o ṣe nǹkan kan ni? Mo kàn ń sọ pé omi ẹ̀rọ tí à ń mu kò jìnnà sí ọ."

Ó yé mi. Mo bu omi mímu sínú ìgò àyẹ̀wò, mo kán díẹ̀ nínú omi awọ sí i kó má baà mọ́ jù. Àwọn ará àyíká gbé ìgò náà lọ, wọ́n sì yìn wá. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe tán, mánéjà ní ó ń mu epo dísù jù. Ìgbà tí àlejò bá ń bọ̀ nìkan ló ń ní kí a tan án.

Àwọn oníbàárà wa ní òkè òkun náà wá yarí pé àwọn kò ní ra awọ mọ́ àfi tí wọ́n bá mọ ibi tí ìdọ̀tí rẹ̀ ń lọ. Mánéjà ní kí a má tú omi sí gọ́tà Ìkòròdú mọ́. Kí Múfútáù máa fi táńkà gbé e lọ sí kòtò kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́, nítòsí ọ̀sà. Èmi ni mo ń fọwọ́ sí i pé omi tí a ti fọ̀ ni.

Múfútáù bi mí léèkan, "Ọ̀gá Lábù, ṣé omi yìí kò ní pa ẹnikẹ́ni báyìí?"

"A ti fọ̀ ọ́," ni mo wí.

Ó gbà mí gbọ́, torí pé èmi ni mo kàwé rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyàwó mi. Apẹja ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí a lọ bá wọn ṣọdún Iléyá, bàbá náà jókòó, ó sì ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè.

"Ọkọ ọmọ mi, ìwọ tí o mọ̀ nípa omi, wá wo ẹsẹ̀ mi."

Awọ ẹsẹ̀ náà ti ń bó bí èèpo àlùbọ́sà.

"Kí ló lè fa irú èyí? Ẹja náà ń léfòó, wọ́n ń kú."

"Ó lè jẹ́ ooru ni, sà."

Bàbá wò mí títí. "Ooru? Inú omi yìí ni mo dàgbà sí."

Nígbà tí a ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, Kúdírátù ní, "Ẹnìkan ń da nǹkan sí omi wọn. Mo gbọ́ òórùn kan níbẹ̀. Mo mọ òórùn yẹn níbì kan."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fọ aṣọ iṣẹ́ mi fúnra mi.

Kò pẹ́ sígbà náà ni a gbọ́ pé àwọn ará àyíká ti dé kòtò náà, pé wọ́n ti ń bi àwọn ènìyàn ẹ̀bá ọ̀nà nípa táńkà kan. Mánéjà ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.

"Ẹnìkan ti sọ̀rọ̀ síta. Ta ló mọ ibẹ̀?"

"Ẹ̀yin, èmi, àti Múfútáù."

"Ṣé èmi ni?"

"Rárá o, sà."

"Ṣé ìwọ ni?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa," ló wí, ó sì gbé tíì rẹ̀ mu.

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Tèmi kì í ṣe oògùn, májèlé ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Múfútáù. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, á jáde lọ gbà á. Bí mo bá sún mọ́ ọn, á ní, "Màá pè yín padà." Kò bá mi jẹun ọ̀sán mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, mo rò pé èmi ló ń rín. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Benson, mo rí i pẹ̀lú ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó gbé fáìlì dání. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn obìnrin tó ń sun bọ̀ọ̀lì, mo sì rí i tí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo bi í.

"Múfútáù, ta ni ẹ jọ dúró ní Benson?"

"Ọ̀rẹ́ kan ni."

"Ọ̀rẹ́ wo?"

"Ọ̀gá Lábù, o ti ń ṣọ́ mi ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wojú mi. "Jẹ́ kó bọ́ sí i ná. Ìwọ ni màá kọ́kọ́ sọ fún. Iṣẹ́ ibí yìí ti sú mi."

Létí tèmi, ohun tó sọ ni pé òun yóò tà mí tán kí òun tó sọ fún mi.

Ọjọ́ Sunday kan, mánéjà ní kí a fa omi kòtò ńlá ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ gbẹ nítorí àwọn ará àyíká ń bọ̀. Èmi àti Múfútáù nìkan ló wà níbẹ̀, yàtọ̀ sí Bàbá Ṣọ́ọ̀lù tó ń ṣọ́ géètì. Ìdọ̀tí dí ẹnu páìpù tó ń fa omi náà. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wọ inú kòtò lọ yọ ọ́. Afẹ́fẹ́ olóró máa ń wà nínú irú kòtò bẹ́ẹ̀. Òfin ni pé kí a kọ́kọ́ fi fáànù ńlá fẹ́ ẹ títí, kí n sì sọ ẹ̀rọ àyẹ̀wò kékeré kan sísàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. A fẹ́ ẹ díẹ̀, mo sì sọ ẹ̀rọ náà sísàlẹ̀. Ó pariwo pé oró ṣì wà níbẹ̀. Ariwo táńkà kò jẹ́ kí Múfútáù gbọ́ ọ. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo sì fi í sápò.

Ó wá síbẹ̀, ó ń so okùn mọ́ ìbàdí rẹ̀.

"Ṣé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára?"

Ìdáhùn kan ṣoṣo ló yẹ kí n fún un. Mo la ẹnu, mo ní, "Ó dára. Wọlé."

Ó fi ẹnu kejì okùn náà lé mi lọ́wọ́. "Dì í mú dáadáa o."

Ó fi àkàbà sọ̀kalẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó kígbe, "Fà mí! Ọ̀rẹ́ mi, fà mí sókè!"

Òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ọwọ́ mi fà á lẹ́ẹ̀kan. Mo rí orí rẹ̀. Ọkùnrin onífáìlì náà sì sọ sí mi lọ́kàn, mo rí ara mi nílé ẹjọ́, mo rí Múfútáù tó ń nàka sí mi. Mo jọ̀wọ́ okùn. Ó fà wọ inú ihò lọ.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ ni mo wá kígbe. Bàbá Ṣọ́ọ̀lù sáré dé, ó fẹ́ bẹ́ wọlé, mo sì dì í mú. Nítorí èyí ni àwọn ènìyàn ṣe ń yìn mí lẹ́yìn náà.

Gbogbo ènìyàn ní ìjàǹbá ni. Mánéjà gbé ọwọ́ lé mi léjìká. "Kádàrá ni," ló wí. N kò mọ̀ títí di òní bóyá ó fura sí mi, tàbí inú rẹ̀ dùn.

Nígbà tí a lọ kí ìyàwó Múfútáù, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún.

"Ọ̀gá Lábù, ó kù díẹ̀ kó bọ́ síbi tó dára. Ọkùnrin kan ló bá a wá iṣẹ́ awakọ̀ síbi tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì ní Imota. Benson ni wọ́n ti pàdé. Ó ní kí n má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ayé má baà dí i lọ́nà. Ó ní tí òun bá wọlé, òun á wá ọ̀nà fún yín náà."

N kò mọ bí mo ṣe dé ilé. Kúdírátù ti ń dúró dè mí.

"Bàbá Àmínà, kí ló ń ṣe yín?"

"Múfútáù kọ́ ló sọ̀rọ̀ wa síta," ni mo ń sọ lásọtúnsọ. "Òun kọ́."

Kúdírátù wojú mi. "Èmi ni," ló wí. "Èmi ni mo mú àwọn ará àyíká lọ sí kòtò náà. Ara aṣọ yín ni mo ti mọ òórùn yẹn, mo sì tọ òórùn náà dé ibẹ̀. N kò dárúkọ yín. Mo rò pé tí wọ́n bá dí kòtò náà, ẹ ó dáwọ́ dúró, ẹsẹ̀ bàbá mi á sì jiná."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí okùn.

Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ lọ sí tẹ́ṣàn. Bí ẹ kò bá lọ, èmi á lọ." Ó gbé Àmínà pọ̀n, ó sì jáde. Mo jókòó síbẹ̀ títí tí àwọn ọlọ́pàá fi dé. N kò bínú sí i.

Wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa. Gbogbo iṣẹ́ tí a ní à ń fi irọ́ dáàbò bò parun. Mánéjà jẹ́jọ́ omi, kò jẹ́jọ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà, ọwọ́ mi nìkan ló wà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wọ ilé iṣẹ́ láàárọ̀, ẹ gbọ́ tèmi. Ọ̀gá tó bá ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi irọ́ tan òfin jẹ kò ní bá yín wọ yàrá yìí. Irọ́ kékeré kì í dá gbé. Á fẹ́ ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀tá lójú gbogbo ẹni tó fẹ́ràn yín. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ọ́ jáde lónìí, kódà bí iṣẹ́ yóò bọ́. Ọ̀kadà dára. Ebi dára. Ẹ̀wọ̀n ọdún díẹ̀ pàápàá dára ju ohun tí mo ṣe lọ.

Bí ẹ bá sì fẹ́ gbàdúrà, ẹ kọ́kọ́ gbà á fún Múfútáù. Tí àyè bá ṣẹ́kù, ẹ wá rántí mi.