Ojú Ìwé Mẹ́rin Tí Mo Bá Òkú Kọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ìwé ọ̀fẹ́ kà lórí fóònù, ẹ gbọ́ mi. Ọdún mẹ́fà ni irọ́ mi ti ń sáré, òtítọ́ ti wá bá a lónìí. Lọ́la ni dókítà máa la inú mi, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ilé ìkàwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń gé ẹ̀yìn ìwé àtijọ́, tí mò ń ki àwọn ewé rẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán wọn, tí mo sì ń tún ọ̀rọ̀ wọn tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kí gbogbo ayé lè rí i kà lọ́fẹ̀ẹ́. Bébà tó bá kù, ààtàn ló ń lọ. Lọ́jọ́ kan, bàbá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ ò ríwèé kà mọ́ gbé ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá. Agbẹ̀bí lobìnrin náà, ó sì ti kú. Bàbá ní, "Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà láyé o. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀."

Èmi ọ̀lẹ! Ọ̀gá wa ti ní ká má ki ju ogún ewé lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo ki ọgọ́ta, torí mo fẹ́ tètè lọ jẹun. Ẹ̀rọ há, ó fa ojú ìwé mẹ́rin ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mo kó àjákù rẹ̀ sínú báàgì, mo lọ dà á nù. Ká ní mo jẹ́wọ́ ni, ọ̀gá á bú mi, á sì tán síbẹ̀.

Ojú ìwé tó ṣáájú mẹ́rin yẹn ń sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin àkọ́bí agbẹ̀bí náà, tó bínú kúrò nílé, tí kò wá sin bàbá rẹ̀ pàápàá. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ni: "Bó bá ka ìwé yìí, kó gbọ́ ohun tó wà nínú mi sí i." Ibẹ̀ ló já sí. Ni mo bá jókòó, mo bá òkú parí ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Ọmọ mi, mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́." Mo kọ ọ́ kún ojú ìwé mẹ́rin. Ó dùn débi pé èmi náà sunkún. Òpònú ni mí!

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan tó ti hewú wọlé tòun ti fóònù lọ́wọ́. Àkọ́bí yẹn ni.

"Ọmọ mi, ṣé ìyá mi ló kọ eléyìí lóòótọ́? Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ báyìí."

Mo ní, "Àwọn ni, mà."

"Jẹ́ kí n fọwọ́ kan bébà ẹ̀."

"A ti dà á nù, mà. Àmọ́ ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i."

Ó wò mí títí. Ó wá kúnlẹ̀. Obìnrin tó tó bí mi lọ́mọ kúnlẹ̀ fún mi, ó ní, "Ọgbọ̀n ọdún ni mi ò fi sùn dáadáa. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun." Mo fà á dìde, mo ní kò tọ́pẹ́. Kò tọ́pẹ́! Ẹnu mi yìí náà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mà, níbikíbi tí ẹ bá wà, èmi ni mo kọ ọ́. Mi ò mọ ohun tí ìyá yín kọ. Mi ò kà á kí ẹ̀rọ tó fà á ya. Ó lè jẹ́ ìdáríjì, ó lè jẹ́ èpè. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n mọ́, èmi ni mo sì fà á. Ẹ jọ̀ọ́, mà. Bí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín kọ ọ́.