Ohùn Gìtá Báyọ̀dé

Mo ti tú síkúrù mẹ́ta lára gìtá náà kí Alàgbà Ọmọ́tọ́ṣọ́ tó sáré dé iwájú pẹpẹ. Ó di ọwọ́ mi mú. "Baba Ọláoyè, kí lẹ ń ṣe yìí? Gìtá tí a ti fi òróró yà sí mímọ́! Ẹ̀rí lẹ ní ẹ fẹ́ jẹ́. Ẹ kò sọ fún wa pé ẹ fẹ́ tú ohun-èlò Olúwa." Mo ní, "Ẹ̀rí mi wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ mi sílẹ̀." Ó fi í sílẹ̀.

Ohun tí mo sọ fún ìjọ wa ní Ìgándò lọ́jọ́ Ìsinmi náà, lọ́dún 1998, ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà bù mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má sì bù kúrò níbẹ̀. Dókítà ti sọ ohun tó wà nínú àyà mi fún mi. N kò bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n n kò ní gbé irọ́ wọ inú ibojì. Èmi ni mo jí ohùn gìtá Báyọ̀dé.

Lọ́dún 1986, àwa mẹ́ta péré la mọ̀ ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́ tó ní gìtá oníná tí à ń pè ní Aláwòdì, nítorí àwòrán àwòdì tó wà lórí rẹ̀. Òkè òkun ló ti ń wá. Ẹni tó bá ní i kì í wo òmíràn mọ́. Yésúfù ní ọ̀kan ní Shasha, Báyọ̀dé ní ọ̀kan ní Ìgándò, èmi ní ọ̀kan ní Ìkòtún. A máa ń pàdé nílé mi lọ́sàn-án Sátidé, a ó gbé wọn lé itan, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀. Yésúfù á ní, "Ó ti wúwo jù. Bí mo bá lù ú lóde tán, èjìká mi á dà bíi ti ẹni tó ru sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ò lè rí i gbé ṣe o. Èyí tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ sí i, ohùn rẹ̀ á ya bíi ti àkùkọ tí òtútù mú." Báyọ̀dé á ní, "Ìwọ lo wúwo jàre, kì í ṣe gìtá. Dín ẹran kù." Ohun tí òun fẹ́ràn lára Aláwòdì ni pé, bí èèyàn bá ta okùn rẹ̀, ohùn náà kì í sá lọ, ó máa ń jókòó, bí àlejò tó mọ̀ pé ara onílé yá sí òun. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní: "Aláwòdì kì í bàjẹ́." Mo sọ ọ́ títí Yésúfù fi sọ mí ní Kì-í-bàjẹ́.

Tèmi bàjẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi bà á jẹ́. Nínú gìtá oníná, irin kékeré kan wà lábẹ́ okùn, tí wáyà tó tín-ín-rín ju irun lọ yí ká. Píkọ́ọ̀pù là ń pè é. Òun ló ń gbọ́ ohun tí okùn sọ, òun ló sì ń gbé e lọ sínú ẹ̀rọ. Mo ní kí n nu tèmi, mo já wáyà náà. Gìtá mi ya odi. N kò rí irú irin yẹn rà ní gbogbo Èkó. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbéraga ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ti ga ju mí lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ẹ̀jẹ̀ ríru pa Báyọ̀dé. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Abigail, fi Aláwòdì olóògbé ta ìjọ lọ́rẹ, kí orúkọ ọkọ rẹ̀ má baà parẹ́. Èmi ni ọ̀gá akọrin, nítorí náà wọ́n gbé e wá sílé mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí ọjọ́ ìyàsímímọ́ tó pé. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo yọ píkọ́ọ̀pù rẹ̀, mo fi sínú tèmi. Mo yọ òmíràn lára gìtá yẹpẹrẹ kan tí mo rà lọ́jà, mo fi rọ́pò, mo sì dé e pa. Mo fara balẹ̀ ṣe é. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ òfin ìjọ wa: ohun-èlò tí òróró bá ti kàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u mọ́. Bí ó bá ń ṣe ségesège, àdúrà là ń gbà sí i. Bí kò bá gbọ́ àdúrà, a ó gbé e pa mọ́. Òfin yẹn ni mo fi bo ara mi.

Táyéwò ni wọ́n gbé gìtá náà fún. Ọ̀dọ̀ Báyọ̀dé ló ti kọ́ ọ. Aláàárù ni lọ́jà Shasha, ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún, ìjọ sì ti ṣèlérí pé àwọn yóò gbà á síṣẹ́ onígìtá olóṣù, kí ó lè sọ ẹrù kalẹ̀ lórí. Orin àkọ́kọ́ tó lù fún ìjọ, ó dá a dúró láàárín. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ohùn ọ̀gá mi kọ́ nìyí. Wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u wò." Ilé dà rú. Alàgbà Ọmọ́tọ́ṣọ́ ní, "Tú kí ni? Ta ló pààrọ̀ rẹ̀? Ṣé opó yìí ni, àbí òkú?" Ìyá Abigail bú sẹ́kún. "Táyéwò, ìwọ tí mo bọ́ nílé mi! Ṣé èmi ni mo jí ti ọkọ mi?" Táyéwò dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o! Mi ò dárúkọ ẹnì kankan!"

Alàgbà yíjú sí mi. "Ọ̀gá akọrin, ẹ̀yin lẹ ní irú rẹ̀. Kí lẹ rí sí i?" Mo gba gìtá náà, mo ta á lẹ́ẹ̀kan. Ó gbẹ bí igbá. Mo ní, "Kò sí ohun tó ṣe gìtá yìí. Ọwọ́ ni." Bí ẹ bá rò pé ibẹ̀ ló burú dé, ẹ dúró ná.

Lọ́jọ́ kejì, Táyéwò wá sílé mi. Ó ní, "Bọ́ọ̀dá, bóyá òótọ́ lẹ sọ. Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kàn án. Ìjọ ní bí ọwọ́ mi ò bá yí padà, àwọn ò gbà mí síṣẹ́ mọ́." Mo gbé Aláwòdì mi, mo ta á fún un. Omi lé sí i lójú. "Bọ́ọ̀dá, òun nìyẹn! Ohùn ọ̀gá mi nìyẹn!" Ó nawọ́ kí òun náà ta á wò. N kò fún un. Mo ní, "Ọwọ́ mi lo gbọ́ yẹn. Ẹ̀bùn ni. Ọ̀gá rẹ ní i, mo ní i. Ìwọ kò ní i. Má fi ara rẹ ṣòfò mọ́." Ó wo àwọn ìka rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bọ́ọ̀dá." Ó gbà mí gbọ́. Ó padà sídìí ẹrù, kò sì fọwọ́ kan gìtá mọ́. Irin ni mo jí lára òkú. Èyí tí mo jí lára Táyéwò, n kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é.

Yésúfù nìkan ló fura. Ó gbọ́ tèmi lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní, "Kì-í-bàjẹ́, tìrẹ mà ń dún bíi ti olóògbé." Mo ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yín ni, ẹ má kó mi sí i." Kò wá sílé mi mọ́.

Nígbà tí mo sọ èyí tán, mo fi irin méjèèjì han ìjọ, yẹpẹrẹ tí mo yọ lára gìtá ìjọ, àti ti Báyọ̀dé tí mo ti yọ lára tèmi wá láti ilé. Mo dá ti Báyọ̀dé padà sí àyè rẹ̀. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe Táyéwò. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú gbogbo èèyàn, èmi tí mo tó bí i. Ó ní, "Baba, ẹ dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi." Ìyá Abigail gbé gìtá náà lé e lọ́wọ́. Táyéwò ta okùn kan, ó tẹ́tí títí ohùn náà fi lọ tán. Ó ní, "Mo sọ ọ́." Ó fẹ́ lù ú, àwọn ìka rẹ̀ kò gbà.

Mo tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ̀, lọ́wọ́ opó náà, àti lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Ẹni tí kò bá lè dárí jì mí kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí etí yín bá gbọ́ nǹkan, tí àgbà ní ẹ kò gbọ́ ọ, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, kí ẹ sì ní kó tú u kí ẹ wò.

Ìjọ fi gìtá náà sílẹ̀ fún Táyéwò, ó sì gbé e lọ sí Shasha. Ó fi kọ́ ara ògiri yàrá rẹ̀. Nínú okùn mẹ́fà, mẹ́rin ló kù lára rẹ̀; kò pààrọ̀ àwọn tó já.