Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lábẹ́ Híjáàbù Mi

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ní fóònù ní Adó-Èkìtì tí kò tíì rí fídíò mi. Ẹ ti rí mi ní àgbàlá ìyá ọkọ mi ní Ìgbẹ́mọ, tí mo dúró níwájú ọkọ mi tó ti Qatar dé, tí mo ká híjáàbù mi sókè, tí ikùn mi yọ bí òṣùpá. Ẹ ti rí bí Sufyan ṣe kúnlẹ̀ gbì sórí ìrẹsì tí a sá sórí ẹní, tó ń sunkún tó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tí n kò mọ̀ rí ń dá mi dúró ní àdúgbò Fájuyì, wọ́n á ní, "Ìwọ kọ́ nìyẹn, ìyàwó inú fídíò?" Mo sì máa ń rọra dúró kí wọ́n lè wò mí dáadáa. Ṣùgbọ́n ìdajì ìtàn lẹ rí. Wọ́n ti ń fi ìdajì yẹn ba orúkọ ọmọlọ́mọ jẹ́, èmi tí mo mọ ìdajì kejì sì dákẹ́. Lónìí n óò sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dùn mí láti bu omi sí ọbẹ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ṣẹ̀fíátù lorúkọ mi, télọ̀ ni mí ní àdúgbò Adébáyọ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo ti wà nílé ọkọ kí n tó lóyún. Sufyan ń lẹ táìsì mọ́ ilẹ̀ ilé ní Qatar, ìgbà Iléyá ló sábà máa ń wálé. Iléyá èṣí, kò pẹ́ tó padà ni mo rí i pé n kò rí nǹkan oṣù mi mọ́. Ẹlòmíràn ìbá ti pè é lójú ẹsẹ̀. N kò pè é. N kò ka ìwé jìnnà nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n Mọ̀mí Dásọ́lá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, máa ń yá mi ní ìwé ìtàn, mo sì ti ka èyí tó pọ̀ nínú wọn lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti rí i nínú wọn pé ìròyìn ayọ̀ ní ibi tó yẹ kó ti jáde. Ká sọ ọ́ lórí fóònù tó ń já wọlé tó ń já jáde, oúnjẹ tó ti tutù ni. Mo pinnu pé ojú Sufyan fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé oyún tí mo fi pamọ́ ni mò ń jẹ́wọ́ o. Láàárín wa, ta ló ń kéde oyún? Ikùn ni í sọ fún ará àdúgbò. Èyí tí mo fi pamọ́ yẹn, mò ń fi yangàn dòní. Híjáàbù gígùn mẹ́rin ni mo rán, aláwọ̀ kan náà, tí èyí tó tẹ̀ lé e ń fi díẹ̀ fẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ẹni tó ń rí ọ lójoojúmọ́ kì í rí ohun tó ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn máṣíìnì ni mo máa ń wà. Tí Sufyan bá pè mí lórí fídíò, ojú àti èjìká mi ló ń rí. Ilé ìwòsàn tí wọn kò ti mọ̀ mí ni mò ń lọ. Nígbà tí ọyẹ́ sì dé, mo da súwẹ́tà lé gbogbo rẹ̀. Oníbàárà mi kan ní, "Ṣẹ̀fí, ṣé ọyẹ́ ń mú ọ tó báyìí ni? Ó kù kí o da bùláńkẹ́ẹ̀tì bora." Mo ní, "Mọ̀mí, ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà lókè òkun, kí ló fẹ́ fi móoru?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Ọmọ ń yí nínú mi bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá ọkọ mi, Ìyá Kùdírátù, ni ì bá rí mi, ṣùgbọ́n ìrẹsì Ìgbẹ́mọ ni wọ́n ń bọ̀ tà láti ìgbà èwe wọn, èéfín ààrò ti mú ojú wọn ṣe bàìbàì. N kò sì fẹ́ sọ fún wọn, nítorí Ìyá kò lè fi ọ̀rọ̀ sínú di ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kan tí mo lọ bá wọn fẹ́ ìrẹsì, wọ́n fà mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò.

"Ṣẹ̀fí, n kò lé ọ," ni wọ́n wí. "Ìyàwó rere ni ọ́. Ṣùgbọ́n ulé yìí ti dákẹ́ jù. Mo ti rí ọmọ kan."

Ruqoyyah ni ọmọ náà. Ará Ìwó ni bàbá rẹ̀, káfíńtà tó ti pẹ́ ní Fájuyì, òun náà sì ń bá bàbá rẹ̀ kan fóòmù mọ́ àga. Ó máa ń wá ran Ìyá lọ́wọ́ lópin ọ̀sẹ̀. Ìyá ní àwọn ti bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ó ti gbà. Sufyan nìkan ló ń kọ̀. "Ìwọ ni kí o bá mi bá a sọ ọ́. Bí ìyáálé bá ti fọwọ́ sí i, kò ní rí ẹnu wí mọ́."

Ọmọ inú mi ta mí nípàá lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ Ìyá wà lórí àpò ìrẹsì, kò jìnnà sí ikùn mi rárá. Bí mo bá fà á díẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ní, "Mo ti gbọ́, Ìyá."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìsinmi wọn ní Qatar. Sufyan pè mí lẹ́yìn ìrun, ó ní Ìyá ń da òun láàmú. Mo ní, "Ẹ gbọ́ ti ìyá yín. Ẹ fẹ́ ẹ." Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ, àfi bí mo ṣe gbọ́ tó ń fa imú. Ó ń sunkún.

"Ṣẹ̀fí, ṣé mo ti sú ọ ni? Bí Ọlọ́run bá fún wa lọ́mọ, ó dáa. Bí kò bá fún wa, ìwọ ni mo fẹ́. N óò wálé nínú ọyẹ́ yìí, n óò sọ ọ́ lójú Ìyá."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu kó má gbọ́ pé mò ń rẹ́rìn-ín. Èwo nínú ẹ̀yin tó ń kà mí ni ọkọ rẹ̀ ti sọ irú rẹ̀ fún, nígbà tí ọkọ náà rò pé ìyàwó òun kò ní í bímọ láyé? Mo wú bí àkàrà inú epo. Ní Jímọ̀ kejì, mo tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí n lè tún gbọ́ ọ. Ó tún sọ ọ́, ó tún sunkún. Bí mo ṣe burú tó nìyẹn: mò ń fi ẹkún ọkọ mi jẹun.

Síbẹ̀ èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Ruqoyyah wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé ìrẹsì tí Ìyá fi rán an dání. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, èmi wà lẹ́yìn máṣíìnì mi.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ìyá ní bọ̀dá yóò fẹ́ mi. Bọ̀dá kò pè mí rí. Ṣé òótọ́ ni?"

"Kí ló dé tí ò ń kánjú?"

Ó wo ilẹ̀. "Ọkùnrin kan wà, Múdàṣírù, tó ń tún fíríìjì ṣe. Ó fẹ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá bá bàbá mi lọ́jọ́ Àìkú."

"Ṣé ó rẹwà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Etí rẹ̀ ti tóbi jù, Àǹtí. Ṣùgbọ́n ó ń fi gbọ́ tèmi."

"Kí lo wá ń bi mí sí? Máa bá olétí lọ."

"Bàbá mi ti fún Ìyá lọ́rọ̀. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn já sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin ìyáálé bá ní ẹ kò fẹ́, kò sẹ́ni tó lè bínú sí mi tàbí sí bàbá mi. Ẹ wí, Àǹtí. Bí ẹ bá ní kí n máa lọ, mà á lọ. Bí ẹ bá ní kí n dúró, mà á dúró."

Ó wò mí lójú. Mo mọ̀ pé ó ń tọrọ "máa lọ" lọ́wọ́ mi ni. Kò ní ná mi ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọjọ́ náà lójú inú mi: Sufyan yóò dé láti wá kọ ìyàwó tí wọ́n ń fún un, ìyàwó náà yóò wà níbẹ̀, èmi yóò sì ṣí híjáàbù mi lójú gbogbo wọn. Bí Ruqoyyah bá lọ fẹ́ olétí rẹ̀, kí ni Sufyan fẹ́ wálé wá kọ̀? Iyọ̀ inú ìtàn mi ni Ruqoyyah. Mo fi eyín gé òwú, mo ní:

"Dúró."

Kò tó mi. Mo fi kún un pé, "Dúró, àbúrò mi. Bọ̀dá ń bọ̀. Ojú rẹ ni yóò ṣe." Ọmọ náà kúnlẹ̀ níwájú máṣíìnì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Oyún oṣù márùn-ún wà lábẹ́ aṣọ mi nígbà náà.

Ọjọ́ tí Sufyan dé Ìgbẹ́mọ, Ruqoyyah ló gbá àgbàlá, òun ló sá ìrẹsì sórí ẹní. Mo nawọ́ fóònù mi sí i, mo ní, "Bá mi yà wá." Sufyan kí ìyá rẹ̀, ó ní, "Ìyá, mo wá sọ fún yín lójúkojú pé..." Mo ní, "Ẹ fún mi láyè ná." Ìyókù lẹ rí. Ohun tí ẹ kò gbọ́ dáadáa nínú ariwo ni Ìyá tó ń béèrè pé, "Kí ló dé? Kí lẹ rí?" títí mo fi fa ọwọ́ wọn lé ikùn mi. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, "Ulé mi, ulé mi" nìkan ni wọ́n lè sọ.

Ruqoyyah dá fóònù padà fún mi. Ó rọra bi mí pé, "Àǹtí, ẹ ti mọ̀ lọ́jọ́ tí mo wá bá yín?" Mo ní ká sọ ọ́ lọ́la. Ó lọ fọ ìkòkò tó ń fọ̀ tẹ́lẹ̀ tán, ó sì lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti fi fídíò náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí mo mọ̀.

Mo ti bímọ báyìí, obìnrin ni, ó gbọ́n ju ìyá rẹ̀ lọ. Múdàṣírù ti gbé ìyàwó. Ẹbí mìíràn wá béèrè Ruqoyyah lóṣù tó kọjá, ẹnì kan fi fídíò mi hàn wọ́n, ó ní, "Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni? Òun ló wà nílé wọn lọ́jọ́ yẹn, tó ń lé ọkọ alóyún kiri." Wọ́n kó ẹsẹ̀ wọn padà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn ìyá àsàlátù wa ní kí n wá kọ́ àwọn ọmọge bí a ti ń fi ayọ̀ bá ọkọ lójijì. Bí mo ṣe ń ronú ohun tí n óò wọ̀, mo bojú wo ọmọbìnrin tó ń mu ọmú mi, mo sì bi ara mi bóyá ẹlòmíràn lè ní kí òun náà dúró lọ́jọ́ kan. N kò lè ronú aṣọ mọ́.

Mo kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún Sufyan lórí fóònù. Ó ní, "Mo sunkún, o sì dákẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Kọ ọ́ kí gbogbo ẹni tó rí fídíò náà kà á. Má yọ tèmi kúrò níbẹ̀."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọbìnrin, ẹ fi oyún yín pamọ́ bó bá wù yín, ẹ wá bá mi, n óò rán híjáàbù náà fún yín. N kò ní í purọ́ pé n kò yangàn mọ́. Ẹ sáà má dá ẹnikẹ́ni dúró sínú ayọ̀ tí kò ní ìpín níbẹ̀. Ruqoyyah kò lé ọkọ mi. Èmi ìyáálé ni mo fi ẹnu mi so ó mọ́lẹ̀, mo sì ń bẹ òun àti bàbá rẹ̀, kí wọ́n foríjì mí bí wọ́n bá lè ṣe é.

Ẹ tún fídíò náà wò. Ẹ má wo èmi, mo ti mọ̀ pé mo rẹwà níbẹ̀. Ẹ wo bí àwòrán náà ṣe ń gbọ̀n. Ẹ ti ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó ń yà á ń sunkún ayọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ìka kan kọjá lójú fóònù, orí rẹ̀ pọ́n. Làálì ìyàwó ni. Ruqoyyah lé e láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nítorí mo ní kó dúró.